Tóbilọ́lá, Ìtumọ̀ Rẹ̀ Nìyí

Tóbilọ́lá, o bi mí lánàá pé kí ni "stand up to", mo ní kí o jẹ́ kí n sùn. Kí èèyàn kojú ẹni tó jù ú lọ, kó má yẹsẹ̀, òun ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wá láàárọ̀. Ó ní bí bàbá rẹ ti kú yìí, kí o fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí o máa bá òun tajà ní àdúgbò Paspanga. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo fi kí i nígbà tí mo ní rárá. Ó ní ká kó jáde nílé òun.

Mo ti wá yàrá lọ sí àdúgbò Hamdalaye. Jẹ ìrẹsì inú ìkòkò, kí o di ẹrù rẹ. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá dé, kí i dáadáa, ṣùgbọ́n má bẹ̀ ẹ́.

Kọ ìtumọ̀ yẹn fún tíṣà rẹ. Má kọ ibi tí a máa sùn. Èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ