Màlúù Ìyá Rẹ Kò Kú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí ọkàn mi má bàa yí padà: abo màlúù pupa tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ kò kú. Ilé ẹ̀kọ́ ni o wà nígbà náà tí mo kọ̀wé sí ọ pé ó jìn sí kòtò, mo tilẹ̀ ṣàpèjúwe kòtò náà. Irọ́ ni. Mo dà á pọ̀ mọ́ agbo tèmi, ó sì ń bímọ níbẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọbìnrin tó bá ní màlúù kò ní gbájú mọ́ ìwé, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí agbo mi pọ̀ lójú àwọn ènìyàn. Ẹnu ara rẹ̀ ni ìyá rẹ fi sọ pé tìrẹ ni kó tó jáde láyé, mo wà níbẹ̀, mo sì mi orí pé mo gbọ́.

Wàyí o, mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara mi le, àfi orúnkún. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ bàjẹ́. Èyí tí mo sì ti fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́ nínú rẹ̀, òun ni mo fẹ́ rò fún ọ báyìí.

Nígbà tí o kó màlúù iléeṣẹ́ yín tó ń ṣe oúnjẹ ẹran wá sínú ọgbà mi, o pín wọn sí apá méjì, o ní kí n máa fún àwọn apá ọ̀tún ní oúnjẹ inú àpò, èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ sá, tí ẹ lọ̀, tí ẹ fi èérí ẹ̀pà àti iyọ̀ pò. Àwọn apá òsì, koríko nìkan. O ní bí ẹ bá wọ̀n wọ́n ní ìparí, ẹ ó mọ̀ bóyá oúnjẹ náà ń mú ẹran sanra. Mo ní ó ti yé mi. O tún fi yẹtí onírọ́bà sí etí wọn, o ní yẹtí náà lẹ ó fi máa mọ ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ sí màlúù kọ̀ọ̀kan. Mo gbà ọ́ gbọ́ tọkàntọkàn. Láràárọ̀ ni mò ń fi ẹnu sún mọ́ etí màlúù, tí mò ń kí ọ, tí mò ń béèrè àwọn ọmọ, n kì í sì í jẹ́ kí àwọn awakọ̀ tó ń kọjá bú èébú nítòsí ọgbà kí ọ̀gá rẹ má bàa gbọ́.

Nígbà tó yá, n kò lè fara da ojú tí àwọn apá òsì fi ń wo àwọn apá ọ̀tún. Àwọn kan ń jẹ, àwọn kan ń gbé itọ́ mì. Mo bá sọ sínú yẹtí màlúù tí ìwo rẹ̀ kan kán pé mo fẹ́ máa bu díẹ̀ fún wọn, pé bí o kò bá fẹ́, kí o pè mí. O kò pè. Mo kà á sí pé o gbà, díẹ̀ náà sì di ẹ̀kún agbọ̀n. Àbúrò mi obìnrin, tó ń bá mi gbá ọgbà, ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń bù ú. Ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin tí ẹ ń bu ẹran fún ọkùnrin, tí ẹ ń bu omi ọbẹ̀ fún obìnrin nínú ilé yìí, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe déédéé láàárín màlúù?” Mo lé e síta. Ọ̀rọ̀ náà kò bá a jáde.

Nígbà tí ọ̀gá rẹ gbé òṣùwọ̀n wá, tí apá méjèèjì wúwo bákan náà, tó ní oúnjẹ rẹ kò sàn ju koríko lọ, pé kí wọ́n kó màlúù lọ tà kí iṣẹ́ náà parí síbẹ̀, mo rí i tí o kọjú sí ògiri tí o ń nu ojú. N kò sì jẹ́wọ́ pé mo ti ń bu oúnjẹ náà fún apá òsì. Awakọ̀ yín ló ṣàlàyé fún mi níjọ́ náà pé nọ́ńbà ló wà nínú yẹtí, pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Mo ti pe ọ̀gá rẹ lórí fóònù, mo jẹ́wọ́. Ó ní kí o tún ìdánwò náà ṣe, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kò ní ra màlúù mìíràn. Mo ní kò burú, ọmọ mi ní màlúù.

Mo bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin àti alápatà tó ń ra ẹran lọ́wọ́ mi, mo sọ fún wọn pé gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ màlúù pupa yẹn, tìrẹ ni, kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ogún òun ni mò ń pín fún obìnrin. Mo ní ogún kọ́, ohun olóhun ni. Alápatà ló bá mi yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tí mo ti tà, n kò lè mú wọn padà, foríjì mí. Ṣùgbọ́n àwọn akọ tó ṣẹ́kù tó fún apá méjèèjì, ọjọ́ orí wọn sì súnmọ́ra. Àbúrò mi ni yóò máa bọ́ wọn. Kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn apá òsì bá wò mí, n ó wo ibòmíràn.

Òun náà ni kí o fi owó wáyà tí a ó fi pín ọgbà sí méjì ránṣẹ́ sí, nítorí ilé ìfowópamọ́ tèmi kò lọ́yàyà. Wọ́n kọ̀wé sórí fóònù mi pé owó rẹ wọlé, mo kọ èsì gígùn, mo béèrè ìdílé wọn, wọn kò dá mi lóhùn di òní.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òṣùwọ̀n sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ rẹ. Awakọ̀ ẹran ló gbé lẹ́tà yìí fún ọ. Má jẹ́ kó lọ. Jáde sí ẹnu ọ̀nà: abo pupa tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ìran màlúù ìyá rẹ ni. Mo kọ́kọ́ fi òun ránṣẹ́ kí o má bàa rò pé irọ́ ni mo tún ń pa. Gba okùn rẹ̀. Tìrẹ ni.

Bàbá rẹ