Ta Ló Ń Jẹ Mẹ́mórì?

Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Irinṣẹ́ tó ń kó àwọn ẹ̀ka ètò kọ̀ǹpútà wa jọ di odidi — mo ti sọ ọ́ ní Bírikìlà — tún wó lónìí. Orí ẹ̀ka tí Ìyá Ìbejì, ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́, kọ ló tún wó sí. Ọ̀gá ní bó bá ṣì ń wó di Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Ìyá Ìbejì palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Lójú gbogbo wa! Ìyá Ìbejì kàn ń nu awò ojú ẹ̀ ṣáá. Inú bí mi.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo ka iṣẹ́ ẹ̀ látòkè délẹ̀. Mi ò rí àbùkù kankan.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ó ń yé mi bọ̀. Inú prósẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, ìyẹn iṣẹ́ kan tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́, ni Bírikìlà ti ń ṣe gbogbo ẹ̀ka, tí wọ́n jọ ń pín mẹ́mórì kan, bí ìdílé tó ń jẹun nínú abọ́ kan. Ẹnì kan bù jù, ẹni tó kàn febi sùn. Ta ló ń bù jù? Ẹni a bá lábà là ń pè ní baba, Ìyá Ìbejì la sì ń bá níbẹ̀. Kí n fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní prósẹ́ẹ̀sì tiẹ̀, pẹ̀lú mẹ́mórì tiẹ̀.

Ẹtì, 7
Gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà dákú. Díẹ̀ ló kù kí n tẹ̀ lé e.

Àìkú, 9
Ọkọ mi ní mò ń pe Bírikìlà lójú oorun. Ó ní ta ni ọkùnrin náà. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 12
Mo ní kí Bírikìlà máa ṣe àwọn ẹ̀ka ní méjì-méjì. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka Ìyá Ìbejì parí wẹ́rẹ́, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọ̀kan péré ló jẹ mẹ́mórì tiẹ̀ tán, tó dá nìkan wó — ẹ̀ka ìtẹ̀wé. Ọ̀gá fúnra wọn ló kọ ọ́. Mo tún dán an wò, mo tún dán an wò. Ibì kan náà ló ń wó sí.

Ẹtì, 14
Mo gbé èsì náà lọ bá Ọ̀gá. Wọ́n wò ó títí. Wọn ò dárúkọ ẹ̀ka ìtẹ̀wé rárá. Wọ́n ní ọ̀nà tuntun yìí ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. "Kó gbogbo ẹ̀ padà sójú kan."

Mo padà jókòó. Ọwọ́ mi ò lọ síbẹ̀. Ìyá Ìbejì ti kó ife àti ṣálì ẹ̀ sínú báàgì. Ó bi mí pé ṣé mo tiẹ̀ rí ohun tó ń wó Bírikìlà. Ọ̀gá sì rèé lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, tí wọ́n ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́.

"Mo rí i. Tìẹ kọ́. Ẹ̀ka Ọ̀gá ni."

Ọ̀gá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìyá Ìbejì yọ ife ẹ̀ kúrò nínú báàgì. Èmi wá ń wojú báàgì tèmi.