Ilẹ̀ Tí Mo Ní Ó Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ
Àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò ti dé. Táńkì abẹ́ ilẹ̀ ní ilé epo ló ń jò. Kànga Màmá Ọlọ́gbà, ìyá àgbà tó múlé tì wá, ló kọ́kọ́ tú àṣírí — omi ẹ̀ ń rùn bíi pẹtiróò. Ẹ̀fọ́ tó gbìn ti rọ tán.
Obìnrin tó ṣáájú wọn, mo ti sọ ọ́ ní Àǹtí Oníyẹ̀pẹ̀. Ó ń fi irin gígùn lu ilẹ̀, ó ń bu yẹ̀pẹ̀ sínú ìgò kéékèèké, ó ń tò wọ́n sínú kúlà bí ẹni ń tọ́jú ẹyin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Mo ti ṣe nǹkan.
Àǹtí ní àwọn nílò yẹ̀pẹ̀ kan tí epo ò kàn rí, ládùúgbò yìí kan náà. Òun ni wọ́n máa fi wọn ìyókù. Bí ìyẹn bá ṣe mọ́ tó ni wọ́n máa fi mọ ibi tí wọ́n máa fọ ilẹ̀ Màmá dé. Bàbá mi ní ẹ̀yìn ilé wa ni, epo ò débẹ̀ rí. Mẹkáníìkì ni, àmọ́ kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n mú wọn lọ.
Èmi ni mo ń da pẹtiróò síbẹ̀. Èyí tí Bàbá mi fi ń fọ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì. Gbogbo Sátidé ló ń ní kí n gbé e lọ sí dúrọ́ọ̀mù tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún epo ìdọ̀tí, lẹ́yìn iléèwé girama tí mo fi sílẹ̀ ní kíláàsì kejì. Àwọn ẹgbẹ́ mi á wà ní pápá. Èmi, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì dúdú lórí? Rárá. Oṣù méje ni mo ti ń dà á sẹ́yìn ilé, tí mò ń fi ewé gbígbẹ bò ó.
Òórùn ilé epo ti gba ibi gbogbo, imú ò mọ̀yàtọ̀ mọ́. Àǹtí bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní, "Ó mọ́, mà."
Ẹnu mi yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì dé dúrọ́ọ̀mù lónìí. Ìgbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26
Èsì dé. Àǹtí ṣàlàyé fún gbogbo wa, inú ẹ̀ ò dùn. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n pè ní mímọ́ náà ní epo nínú. A jẹ́ pé bí ilẹ̀ àdúgbò ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn, wọn ò sì lè ní kí ilé epo fọ ilẹ̀ Màmá mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iwájú ilé epo nìkan ni wọ́n máa gbẹ́.
Màmá ò pariwo. Ó ní, "Ogójì ọdún ni mo fi gbin nǹkan síbẹ̀. Ṣé imú mi ló wá ń purọ́ ni?"
Bàbá mi ń bẹ̀ ẹ́. Èmi ń wo bàtà mi.

Ọjọ́rú, 27
Mi ò jẹun. Bàbá mi ní ṣé torí ọkùnrin ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 29
Mo sọ ọ́.
Àǹtí wá tú okùn tí wọ́n fi sàmì. Bàbá mi ń bá a ṣàwàdà pé kí wọ́n gbà mí síṣẹ́, ṣebí èmi ni mo mọ ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò lè gbé e mì. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yìn ilé ò mọ́. Ibẹ̀ ni mò ń da pẹtiróò sí."
Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wojú mi — ó jókòó sórí táyà. Kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí.
Àǹtí ò bú mi. Ó ní àwọn á bu yẹ̀pẹ̀ mìíì níbòmíì, àwọn á tún òdiwọ̀n ṣe, ọgbà Màmá ṣì lè di fífọ̀. Ó wá ní, "Kànga tiyín ńkọ́? Ṣé ó jìnnà síbi tí ò ń dà á sí?"
Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Ibẹ̀ la ti ń mu. Àbúrò mi náà.
Ó bu omi ẹ̀ sínú ìgò. Ó ní ká má mu ún mọ́ títí èsì á fi dé.

Ọjọ́ Àìkú, 31
Màmá ti gbọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ láti ilé, mo débẹ̀, gbogbo ẹ̀ pòórá. Mo kàn kúnlẹ̀.
Ó bu omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, nínú èyí tí ilé epo ń fi ọkọ̀ gbé wá fún un. Ó ní kí n gbé e fún àbúrò mi.
"Èyí, má dà á sẹ́yìn ilé o."
Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa fi padà, ó ti ń bu ìkẹta.