Okùn Tí Àna Mi Ò Rí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwa ará ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa di alùpùpù sínú lọ́rì ní Orégùn, mi ò sì tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo máa ń fi okùn fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, títí ṣọ́ọ̀kì iwájú á fi tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Alhaji, ra alùpùpù tòkúnbọ̀ kan, wọ́n ń gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní, "Má so ó! Ohun tí a bá so bí àgbò iléyá, ọ̀bẹ ló ń lọ bá. Mo ti ṣàdúrà sí i."

Bí wọ́n ṣe lọ kírun Ásárì, mo so ó pinpin. Mo bẹ awakọ̀ pé tí wọ́n bá ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, kó tú u kí Alhaji tó sọ̀kalẹ̀ níwájú ọkọ̀. Alùpùpù gúnlẹ̀, kò họ níbì kan.

Ni Alhaji bá padà sílé ní Agége, wọ́n ń sọ kiri pé àdúrà nìkan ló dì í mú. Oníbàárà mẹ́ta ti wá bá mi báyìí, wọn ò fẹ́ okùn!

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ ni, àbí kí n máa dúró de Ásárì? Aládùúrà lọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í lọ kírun.