Owó Hòtẹ́ẹ̀lì Tí Àna Mi Pè Ní Owó Ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú ètò orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, ẹ ṣáà ní obìnrin kan ní Sùúrùlérè ni.

Àna wa, bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, wá láti Iléṣà. Mo gba yàrá fún wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Yábàá, mo sanwó ẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ tún gba ogún náírà, ó ní àwọn kàn máa dì í mú ni, bí nǹkan kan ò bá bàjẹ́, àwọn á dá a padà.

Lọ́jọ́ tí bàbá ń lọ, kí n tó débẹ̀, akọ̀wé ti ka owó náà lé wọn lọ́wọ́, torí àwọn ló dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bàbá rò pé èmi ni mo fún wọn lówó ọkọ̀. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà: “Àpò yín ò ní gbẹ!” Èmi náà ń ṣe àmín.

Owó ilé wa oṣù kan gbáko ni ogún náírà yẹn o! Ojoojúmọ́ lọkọ mi ń béèrè ẹ̀.

Lánàá, lẹ́tà bàbá dé: inú ẹbí dùn pé a lawọ́, àwọn mẹ́fà ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí n gba yàrá sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́, mo ti ṣe àmín sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba owó náà padà?