Àkùkọ Méjìlá àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Wọn

Ajé, 12 Oṣù Kìn-ín-ní, 2026

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ yìí. Àdín inú ìgò dì gbagidi, òróró ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣàn bí omi. Mo dúró wò wọ́n títí. Gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì nìyẹn, nínú ìgò méjì.

Ọ̀rá ló ṣe awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì. Ẹyọ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní orí kan tó fẹ́ràn omi, ìrù méjì tó ń sá fún un. Ni wọ́n bá tò ní ìlà méjì – orí kọjú sí omi, ìrù kọjú sí ìrù. Ìrù ọ̀rá àdín gún, ó ń fún mọ́ra. Ti òróró tẹ̀, àyè wà láàárín wọn. Ìbéèrè mi: àkùkọ tó ń jẹ àdín, ṣé awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á le ju ti èyí tó ń jẹ òróró lọ?

Àkùkọ méjìlá, funfun báláú, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Mẹ́fà aládìn-ín, àkísà pupa lẹ́sẹ̀. Mẹ́fà olóróró, àkísà dúdú. Ilé adìyẹ méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra ni wọ́n ti ń jẹun, ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo wọn ń jáde sí àgbàlá. Màmá ló ń bá mi bọ́ wọn tí mo bá wà ní ọgbà yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pé. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí ni màá dúró níwájú àwọn olùkọ́. Bí kò bá sí èsì, ọdún kan sí i. Mi ò lè ṣe é láéláé.

Ọjọ́bọ̀, 15

Màmá lọ sí Kuta, àbúrò wọn bímọ. Ó ku èmi àti Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ gbígbà di ọjọ́ Ajé.

Jímọ̀, 16

Mo gbé! Mo dé láti ọgbà nírọ̀lẹ́, àkùkọ méjìlá ń jẹ̀ káàkiri, kò sí àkísà lẹ́sẹ̀ ìkankan. Bàbá ló gé gbogbo ẹ̀. Wọ́n ti dáná sun ún.

Àwọn kan yà kí wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìyá Jàmíù ará ẹ̀yìnkùlé wa tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, ó ní, "Áfáà, irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe tó gba pupa pẹ̀lú dúdú?" Ilé kéwú ni ilé wa, ọmọ ọlọ́mọ ló ń bọ̀ níbẹ̀. Bàbá ti ń rí àkísà yẹn tipẹ́, wọ́n rò pé kí adìyẹ má baà sọnù ni. Lónìí ojú tì wọ́n.

Mo kúnlẹ̀ ṣàlàyé, ẹkún ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Mujeebah, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Òótọ́ ni. Màmá nìkan ni mo sọ fún. Mo rò pé Áfáà ò ní ráyè ọ̀rọ̀ ọ̀rá.

Àbámẹ́ta, 17

Mo pe Ọ̀gá Ṣàlàyé – Dókítà Oyèdàmọ́lá, alábòójútó mi, "ṣàlàyé" kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Mo ti múra fún èébú. Wọ́n rẹ́rìn-ín ni! Wọ́n ní kí n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjìlá bẹ́ẹ̀, láìmọ èyí tó jẹ kí ni. Bí ọ̀rá bá ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á pín ara rẹ̀ sí méjì. Mo ní bí kò bá pín ńkọ́? "Ìyẹn náà, wàá ṣàlàyé ẹ̀."

Ajé, 19

Bàbá ló di àwọn àkùkọ mú fún mi, tàwọn ti jalamíà. Bismillah lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé pípa la fẹ́ pa wọ́n. Wọn ò sọ pé kí n má bínú. Wọ́n ṣáà ń di adìyẹ mú. Inú mi yọ́.

Mo kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́sẹ̀, mo gba ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́, ó di ọgbà. Mo kán ẹ̀jẹ̀ sínú omi iyọ̀, iyọ̀ ń dín kù láti ìgò dé ìgò. Omi á máa wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á wú bí ẹ̀wà tí a rẹ, títí awọ á fi ya.

Ó pín! Ti márùn-ún pẹ́ kó tó ya, ti méje tètè ya. Àmọ́ mẹ́fà-mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́. Ta ló sì máa jẹ́rìí pé àwọn alágídí yẹn ló jẹ àdín?

Ìṣẹ́gun, 20

Màmá dé. Mo ròyìn, wọ́n wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. "Ẹni tó ń bọ́ nǹkan lọ́sẹ̀ mẹ́fà ò ní mọ̀ ọ́n ni?" Wọ́n bọ́ sí àgbàlá, wọ́n ń nawọ́: eléyìí aládìn-ín, oníjà yìí olóróró, títí ó fi pé méjìlá. Mi ò fi ìwé èsì hàn wọ́n. Mo ń wo nọ́ńbà ẹsẹ̀ wọn, mo ń kọ ọ́.

Mọ́kànlá bára mu. Kẹsàn-án nìkan ló ṣẹ́ kù: Màmá ní aládìn-ín ni, ẹ̀jẹ̀ ní olóróró ni. Mo ní bóyá Màmá ṣì í mú. Ojú wọn le. "Èmi? Aládìn-ín ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà yẹn, ojoojúmọ́ ló ń gba ihò àárín ilé adìyẹ méjèèjì kọjá sọ́dọ̀ àwọn ará kejì. Ibẹ̀ ló ti ń yó."

Mo ní ẹ ò sọ fún mi. Wọ́n ní mi ò bi àwọn. Mo di mọ́ wọn, mo bú sẹ́kún, ẹ̀rín ni mo tún ń rín.

Ọjọ́bọ̀, 22

Ọ̀gá Ṣàlàyé ní n ò gbọdọ̀ yọ kẹsàn-án kúrò, kí n kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Wọ́n buwọ́ lù ú! Alhamdulillah. Ara mi fúyẹ́, mo jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lónìí.

Bàbá ti ṣàlàyé fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé awọ ẹ̀jẹ̀ lọmọ àwọn ń wò. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì wọ́n rọra bèèrè bóyá a ti lè fi àwọn àkùkọ ṣe sàráà. Mo ní kí wọ́n mú mọ́kànlá, kí wọ́n fi olè náà sílẹ̀ fún mi.