Lọ́kọ́ja Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ Ń Ròyìn

Ìbàdíàrán mi,

Tí o bá fi rí ìwé yìí, mo ti wọ mọ́tò Lọ́kọ́ja. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń fi lẹ́tà ròyìn ìlú náà fún mi: odò méjì tó pàdé tí àwọ̀ wọn ò papọ̀, ẹja yíyan létí omi. Kò ní kí n wá wò ó rí.

Láàárọ̀ yìí, Bùkárì awakọ̀ tó ń ná Lọ́kọ́ja kí mi kú oríire ọmọ tí ọkọ mi sọ lórúkọ lọ́hùn-ún. Ó rò pé mo mọ̀.

Fún Màmá lẹ́kọ. Tí wọ́n bá béèrè mi, ọjà Èsìé ni mo lọ.

Tó bá jẹ́ irọ́, màá ra ẹja bọ̀ fún ọ. Tó bá jẹ́ òótọ́, kò ní sí Ìbàdíàrán mọ́. Orúkọ rẹ gan-an ni màá pè nígbà tí mo bá wá kó ẹrù mi.